Bí ẹ ṣe lè fi ojú ara yín rí sẹ́ẹ̀lì tó ń pín

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní Iléṣà a máa ya àwòrán sẹ́ẹ̀lì (ẹyọ kékeré tí a fi kọ́ ara ohun ẹlẹ́mìí) tó ń pín láìtíì rí ọ̀kan rí. Ìyẹn ò tẹ́ mi lọ́rùn rárá. Àlùbọ́sà ọjà Àtàkúnmọ́sà ti tó, bí ilé ẹ̀kọ́ yín bá ṣáà ti ní máíkíróskóòpù kan.

Ẹ ra èyí tó le. Ẹ fi abẹfẹ́lẹ́ ha gbòǹgbò gbígbẹ ìdí rẹ̀ kúrò, ẹ gbé e lé ẹnu ife omi, kí ìdí rẹ̀ kan omi díẹ̀. Ẹ máa pààrọ̀ omi náà lójoojúmọ́ kí ó má baà rà. Láàárín ọjọ́ 2 sí 4, gbòǹgbò funfun á ti yọ. Tó bá gùn tó sẹ̀ǹtímítà 1 sí 2, ẹ gé e.

Ṣónṣó rẹ̀ nìkan la fẹ́, bíi mìlímítà 2. Ibẹ̀ ni sẹ́ẹ̀lì ti ń pín. Àwọn tó wà lókè ibẹ̀, gígùn ni wọ́n ń gùn. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ní òun ò rí nǹkan kan, ibi tó gé ni kò tọ̀nà.

Ẹ rẹ ẹ́ mọ́jú sínú ethanol ìdá 3 àti acetic acid ìdá 1, níbi tó jìnnà sí iná. Èyí á dá sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan dúró síbi tó bá iṣẹ́ dé. Lẹ́yìn náà, ẹ kó o sínú hydrochloric acid 1M (1M ni bó ṣe lágbára tó) tó gbóná tó 60°C fún ìṣẹ́jú 5, kí àwọn sẹ́ẹ̀lì lè tú kúrò lára ara wọn. Olùkọ́ ni kó po ásíìdì o, kí gbogbo yín sì wọ ìbọ̀wọ́ àti awò ojú.

Ẹ fi omi ṣan án, ẹ kán acetocarmine, aró pupa tó ń kun kúrómósómù, lé e lórí gíláàsì, ẹ fi gíláàsì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó, kí ẹ wá fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ láti orí bébà rírọ̀. Títẹ̀ ni o, ẹ má fà á sọ́tùn-ún sósì.

Ẹ fi lẹ́ńsì 10x wá ibi tí sẹ́ẹ̀lì ti kéré tó sì ṣù mọ́ra, kí ẹ tó lo 40x. Èyí tó pọ̀ jù, kókó inú rẹ̀ á rí roboto. Ẹ má ṣe pè é ní ìsinmi: àsìkò yẹn gan-an ni sẹ́ẹ̀lì ń ṣe ẹ̀dà DNA rẹ̀, ìyẹn ohun tó gbé àbùdá àjogúnbá. Bí ẹ bá fi máa rí kúrómósómù, okùn inú kókó tó gbé DNA, tó ki bí òwú, ọ̀kọ̀ọ̀kan ti di méjì tó so pọ̀. Ti àlùbọ́sà jẹ́ 16, tiwa jẹ́ 46. Wọ́n á tò sí àárín, méjì tó so pọ̀ á já, ọ̀kan á gba ìhà kan, èkejì á gba ìhà kejì, kí sẹ́ẹ̀lì tuntun méjèèjì lè ní 16 pé. Ẹ wá ìpele yìí dáadáa. Èmi ò tíì rí i kí ó má dùn mọ́ mi. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ògiri tuntun á hù láàárín. Sẹ́ẹ̀lì awọ ara wa ò ní ògiri, ìbàdí rẹ̀ ló ń fún pọ̀ títí á fi já sí méjì.

Ẹ má dúró kí ọ̀kan yí padà lójú yín o, wọ́n ti kú. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa tò wọ́n tẹ̀ léra. Ẹ wá ka sẹ́ẹ̀lì 100, kí ẹ kọ iye tó wà ní ìpele kọ̀ọ̀kan sílẹ̀: èyí tó bá pọ̀ jù ni sẹ́ẹ̀lì ń pẹ́ sí jù.