Bí Mo Ṣe Jó Ère Onílù Kan Pọ̀ láti Ara Àlòkù Irin ní Àjàṣẹ́

Irin jíjó ni mo fi ń jẹun ní Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo, ilẹ̀kùn àti fèrèsé ni mo sì ń jó kí n tó yà sídìí ère ṣíṣe. Iṣẹ́ Théodore àti Calixte Dakpogan ló ṣí mi lójú, àwọn ọmọ ìdílé alágbẹ̀dẹ ìlú wa tí wọ́n fi àlòkù ọkọ̀ ṣe ère fún Ouidah 92, àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà àti àṣà Vodun ní ìlú Ouidah ní Benin, èyí tó wá padà wáyé ní oṣù Èrèlé ọdún 1993. Ère tí mo fẹ́ ròyìn rẹ̀ ni onílù kan tó ga tó ènìyàn.

Táǹkì epo alùpùpù ni mo fi ṣe ìlù rẹ̀. Kò sí irin tó léwu tó o nínú iṣẹ́ wa, nítorí òórùn epo tó kù sínú rẹ̀ nìkan tó láti mú kó bú gbàmù bí iná bá kàn án. Mo fi omi ọṣẹ gbígbóná fọ̀ ọ́ léraléra, mo ṣí ẹnu rẹ̀ sílẹ̀, mo sì rọ omi sí i títí ó fi kù díẹ̀ kó dé ibi tí mo fẹ́ jó, kí òórùn epo má baà ráyè fara pamọ́ sí. Ẹni tó bá ń kánjú kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan táǹkì.

Súpíríìnì pẹlẹbẹ abẹ́ ọkọ̀ ẹrù ni mo fi ṣe ẹsẹ̀. Irin líle ni, bí ojú ibi tí a jó bá sì tutù lójijì, ó máa ń sán. Nítorí náà mo kọ́kọ́ yáná sí i, mo sì bo ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ sínú eérú gbígbẹ lẹ́yìn tí mo jó o tán.

Apá ni mo fara balẹ̀ ṣe jù, torí ẹni tó mọ ìlù, ọwọ́ onílù ló ń wò. Mo fi okùn gbé ṣéènì alùpùpù kọ́, mo tẹ̀ ẹ́ níbi ìgúnpá, mo wá ń kán iná sí oríkèé rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, lápá ọ̀tún, lápá òsì, nítorí irin a máa fà síhà ibi tí a bá jó bó ti ń tutù. Irin tí a ń fẹsẹ̀ ta kí alùpùpù tó dún ni mo fi ṣe kọ̀ǹgọ́. Ó ti tẹ̀ bẹ́ẹ̀ látilẹ̀, n kò sì gé nǹkan kan kúrò lára rẹ̀.

Mi ò lo páànù tó ní síǹkì rárá, èéfín rẹ̀ máa ń dá ibà síni lára. Mo fi òòlù gba ìdàrọ́, ìyẹn èépá tó máa ń le sójú irin tí a jó, kúrò lójú ibi tí mo jó, mo fi búrọ́ọ̀ṣì irin fá a, mo sì fi epo ẹ̀rọ pa á lára fẹ́ẹ́rẹ́. Ẹni tó rà á fẹ́ kí n kùn ún lọ́dà, mo sì ṣàlàyé fún un pé ọ̀dà yóò bo ojú ṣéènì àti táǹkì náà, tí ẹni tó ń wò ó kò ní mọ ohun tí wọ́n ti jẹ́ rí. Ó gbà, ó sì ń tún epo pa á kí òjò tó bẹ̀rẹ̀.