“Mo ti gún un lábẹ́rẹ́ o”: àwọn àṣìṣe tí ń gbé ọmọ ajá wá bá wa ní ilé ìwòsàn ẹran

“Mo ti gún un lábẹ́rẹ́ o.” Gbólóhùn yìí ló máa ń ṣáájú ọmọ ajá tó ń bì, tó sì ń ya ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀, wọ ẹnu ọ̀nà wa. Abẹ́rẹ́ wo? Ta ló gún un? Níbo ló ti rà á? Ibẹ̀ ni ojú máa ń wolẹ̀.

Àṣìṣe kìíní nìyẹn, òun ló sì ń bí wa nínú jù, ẹ jẹ́ ká jókòó tì í.

Láti ibi tí wọ́n ti ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára parvo (àrùn fáírọ́ọ̀sì tó ń mú kí ọmọ ajá máa bì, kó sì máa ya ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀) títí dé ara ajá, inú òtútù 2 sí 8°C ló gbọ́dọ̀ wà. Bí iná bá lọ fún ọjọ́ méjì, tí ẹni tó ń tà á kò tan jẹnẹrétọ̀, ohun tó wà nínú ìgò lè ti bàjẹ́, ojú ìgò kò sì ní yí padà. Ẹlòmíràn á ní òun gbọ́n, á jù ú sí fírísà kó dì gbagidi. Dídì yẹn ló ń ba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi jẹ́.

Ìgò parvo jẹ́ méjì: ìyẹ̀fun gbígbẹ nínú ọ̀kan, omi tí a fi ń pò ó nínú èkejì. Bí a bá ti pò ó tán, ojú ẹsẹ̀ ni ká gún un. Àwọn kan ń pò ó láàárọ̀, wọ́n ń gbé síríńjì kiri ojúlé títí di ìrọ̀lẹ́. Àwọn mìíràn ń pín ìgò kan fún ajá méjì, wọ́n ní Lhasa kò tóbi. Àjẹsára kì í wo bí ajá ṣe tóbi tó: ìgò kan fún ajá kan, ìbáà jẹ́ Lhasa, ìbáà jẹ́ Boerboel.

Ká tiẹ̀ ní abẹ́rẹ́ náà dára, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kò tó. Ààbò tí ọmọ ajá mu nínú wàrà ìyá rẹ̀ máa ń gbá abẹ́rẹ́ dànù, kò sì sí ẹni tó lè fojú mọ ọjọ́ tí ààbò náà yóò tán. Ìdí nìyẹn tí a fi ń bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, tí a sì ń tún un gún ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta tàbí mẹ́rin-mẹ́rin títí yóò fi pé ọ̀sẹ̀ 16. Ẹni tó dáwọ́ dúró ní ọ̀sẹ̀ 9 fi ọmọ ajá rẹ̀ sílẹ̀ lágbede méjì. Ti dìgbòlugi ń bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ 12. Káàdì tí kò ní sítíkà ara ìgò, ọjọ́ àti ìbuwọ́lù dókítà ẹran, páálí lásán ni. (Àwa náà jẹ̀bi díẹ̀: ìwé ọwọ́ wa dà bí ibi tí adìyẹ ta ilẹ̀ sí.)

Ìkejì ni ìdúró. Ọmọ ajá bì láàárọ̀, wọ́n fún un ní Flagyl. Lọ́sàn-án, òògùn aràn. Lálẹ́, àgbo. Kò sí èyí tó ń pa parvo nínú wọn. Omi ara tó gbẹ, ṣúgà tó lọ sílẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, àti bakitéríà tó gba ara ìfun tó bó wọ inú ẹ̀jẹ̀ ló ń pa ọmọ ajá. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. Ẹ fa awọ ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ sókè: bí kò bá tètè padà, tí erìgì rẹ̀ sì gbẹ tó ń lẹ̀ mọ́ ìka, dríìpù ló nílò. Ajá kílò 5 ń lo bíi mílílítà 300 lójúmọ́, ká tó ka èyí tó bì àti èyí tó yà. Ẹ má rọ omi sí i lẹ́nu tipátipá, ẹ̀dọ̀fóró ni yóò gbà. Bí ẹ bá dé, ẹ fi í sílẹ̀ nínú ọkọ̀, kí ẹ pè wá síta; àwọn ọmọ ajá tí ara wọn le wà lórí ìjókòó nínú ilé ìwòsàn.

Ilé ńkọ́? Izal àti Dettol ń ta sánsán, wọn kì í pa parvo, májèlé sì ni wọ́n fún ológbò. Ẹ kọ́kọ́ fi ọṣẹ fọ ìgbẹ́ kúrò, nítorí ìdọ̀tí ń sọ bíléèṣì di omi lásán. Bí ara ìgò bá sọ pé ìdá 5 nínú 100 ni, ife kan sí ife omi 30. Bó bá jẹ́ 3.5, ife kan sí 20. Kó wà nílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10 ní tútù. Inú iyẹ̀pẹ̀ àgbàlá, àrùn náà lè lo ọdún kan, torí náà ẹ má sáré ra òmíràn.

Ẹ̀yin olùtọ́jú tuntun ní wọ́ọ̀dù, ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹni tó fọ yàrá parvo tán, tó wá lọ bomi fún àwọn tó wá fún iṣẹ́ abẹ, òun gan-an ni ọkọ̀ tí àrùn wọ̀. Yàrá parvo ló ń kẹ́yìn, pẹ̀lú bàtà tirẹ̀ àti garawa tirẹ̀. Ẹ sì máa wọn ọmọ ajá láràárọ̀. Òṣùwọ̀n ló ń sọ bóyá dríìpù ń tó.

Ìyókù, ẹ gbà á bó ṣe ń bọ̀.

Pànádọ̀ọ̀lù fún ológbò: hóró kan 500 míligíráàmù lè pa á.

Ibuprofen fún ajá tó ń tiro: ọgbẹ́ inú, lẹ́yìn náà kíndìnrín.

Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì dúdú fún kúrúnà: ajá ń lá ara rẹ̀.

Ivermectin màálù (òògùn aràn àti kòkòrò ara), ìdá 1 nínú 100, ní míligíráàmù 10 nínú mílílítà kọ̀ọ̀kan. Bí dókítà bá kọ míligíráàmù 3 fún ajá kílò 10, mílílítà 0.3 ni. Ẹni tó fa 3 ti fún un ní ìlọ́po mẹ́wàá: ajá á máa gbọ̀n, ojú rẹ̀ lè fọ́, ó sì lè dákú. Ọ̀pọ̀ Collie àti àwọn Alsatian kan kì í lè gba ìwọ̀n tí ajá mìíràn ń gbà láìsí wàhálà.

Epo pupa fún ajá tó jẹ májèlé ń wọ ẹ̀dọ̀fóró bí wọ́n bá ń dà á sí i lọ́fun. Ẹ gbé ìgò májèlé náà dání. Òògùn kan tó ń jẹ́ atropine wà fún ọ̀tápíápíá tó jẹ́ dichlorvos, ṣùgbọ́n a ní láti mọ̀ pé òun ni.

Ọjọ́ iṣẹ́ abẹ: ajá àgbà kò gbọ́dọ̀ jẹun láti alẹ́ àná, omi nìkan, ọmọ ajá kéékèèké kò gbọ́dọ̀ gbààwẹ̀ ju wákàtí 4 lọ. Bí ẹnìkan nílé bá ti fún un ní ẹ̀bà láàárọ̀, ẹ sọ ọ́. A ó sún un sí ọjọ́ mìíràn, a ò ní bú yín. Bóyá díẹ̀.