Bí a ṣe sọ gbọ̀ngàn àtijọ́ di ilé ìtàgé ní Kàbbà

Gbọ̀ngàn tí a bá nílẹ̀ gùn ní mítà 18, ó fẹ̀ ní mítà 10. Páànù lásán ló wà lórí rẹ̀, kò sí àjà. Mo dúró láàárín, mo pàtẹ́wọ́ ẹ̀ẹ̀kan, ìró náà ń yí kiri fún bíi ìṣẹ́jú-àáyá 3 kó tó rọlẹ̀. Òṣèré tó bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀, gbólóhùn kejì á gun àkọ́kọ́ lórí. Fún eré tó kún fún ọ̀rọ̀, bíi ìṣẹ́jú-àáyá 1 ló dára.

Àjà ni mo kọ́kọ́ mú. Bí òjò bá dé sórí páànù, a kì í gbọ́ ìlù gan-an, áńbọ̀sì ohùn èèyàn. Àjà rọ́bà tó wà lọ́jà káàkiri ò ràn án, ó fúyẹ́ jù. Ohun tó wúwo ló ń dá ariwo dúró. Pátákó jípúsọ́ọ̀mù, pátákó àjà tó wúwo, ìpele méjì la kàn, a fi àlàfo sílẹ̀ lábẹ́ páànù, a sì tẹ́ òwú gíláàsì onísẹ̀ǹtímítà 10 sórí rẹ̀. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ bo imú: òwú yẹn ń yúnni bíi wèrèpè.

Ògiri ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kọjú síra, wọ́n ń ju ohùn síra wọn. Aṣọ híhun tó nípọn láti Ògìdì, ìlú kan nítòsí Kàbbà, ni mo fi kọ́ ibẹ̀. Ògiri mítà 5, aṣọ mítà 10, kó lè ṣẹ́ léra. Kó sì fi sẹ̀ǹtímítà 10 jìnnà sí ògiri. Èyí tó bá lẹ̀ mọ́ ògiri pẹrẹsẹ, ẹwà lásán ni.

A fi yàrá ìmúra kún ẹ̀yìn. Bíríkìlà fẹ́ gbẹ́ ihò sára ògiri àtijọ́ kó fi ki búlọ́ọ̀kù tuntun bọ̀ ọ́. Mo ní rárá o. Ilé àtijọ́ ti jókòó tán, tuntun ṣì máa rì díẹ̀. Tí a bá so wọ́n pọ̀, ojú oríkèé yẹn ló máa sán. Sẹ̀ǹtímítà 2.5 la fi yà wọ́n, a ki fóòmù sí i, a fi gọ́ọ̀mù tó ń fà dí ojú rẹ̀ nítorí òjò.

Ìtàgé ga ní sẹ̀ǹtímítà 90, pákó ìrókò tí a fi oògùn ìkán pa. Mo kọ́kọ́ fi sẹ̀ǹtímítà 60 sáàárín àwọn igi ìdábùú abẹ́ rẹ̀. Oníjó kan tẹ̀ ẹ́, ó ń mì, ìṣó ń han. A tú gbogbo rẹ̀: 40 la wá lò, síkírù la sì fi de pákó.

Iná ìtàgé àtijọ́ 12, oníwáàtì 1,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan, á fa bíi ampere 52 (ìwọ̀n iná tó ń gba inú wáyà kọjá). LED oníwáàtì 200 ni mo fi rọ́pò wọn, ó dín sí bíi 10. Wáyà ẹ̀rọ ohùn gba ọ̀nà tirẹ̀. Tó bá bá ti iná rìn, sípíkà á máa kùn. Gbogbo ilẹ̀kùn èrò ń ṣí síta.

Mo tún pàtẹ́wọ́ nínú gbọ̀ngàn tó ṣófo: bíi ìṣẹ́jú-àáyá 1.3. Mo fi í bẹ́ẹ̀, torí ara èrò náà ń mu ohùn. Bí àga bá kún, á tún dín.