"2" Kì í Ṣe Ipò Kejì: Fún Ẹ̀yin Òbí Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Kó Ọmọ Dé New York

Ìyá kan tí a jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kan náà ní Bronx gba ìwé èsì ìdánwò ọmọ rẹ̀ lọ́dún kìíní tí wọ́n dé. Ó rí "2" níwájú ìṣirò. Ó dúpẹ́, ó se ìrẹsì, ó pa adìẹ sí i, ó ní ọmọ òun ṣe ipò kejì. Oṣù mélòó kan kọjá kí ẹnì kan tó jókòó ṣàlàyé fún un. Kò sí ipò kìíní tàbí ipò kejì nínú ìwé yẹn. Ìdánwò ìpínlẹ̀ tí àwọn ọmọ ń ṣe láti kíláàsì kẹta dé ìkẹjọ, 1 dé 4 ni wọ́n fi ń díwọ̀n rẹ̀. Ọmọ tó gba 3 ti mọ ohun tó yẹ kó mọ̀, 4 ju bẹ́ẹ̀ lọ, 2 kò tíì dé ibẹ̀, 1 ṣì jìnnà. Ọmọ ń fẹ́ ìrànlọ́wọ́, ilé ń ṣe ìdúpẹ́.

Nítorí irú èyí ni mo fi ń kọ ọ̀rọ̀ yìí. Tí wọ́n bá kó èsì àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìjọba New York jọ, àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú àti àwọn ọmọ Látínò ló ń wà lẹ́yìn àwọn ọmọ òyìnbó àti ọmọ Éṣíà nínú ìwé kíkà àti ìṣirò. Òfin No Child Left Behind tí Ààrẹ Bush fọwọ́ sí lọ́dún 2002 ló fi dandan lé e pé kí gbogbo ilé ẹ̀kọ́ ìjọba máa ya èsì ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀, kí wọ́n má baà fi àpapọ̀ bo àlàfo náà mọ́lẹ̀. Kì í ṣe pé orí àwọn ọmọ wọ̀nyẹn kò pé. Àdúgbò tí wọ́n ti há wọn mọ́ láti ìgbà àwọn bàbá wọn wà níbẹ̀, tíṣà tí kì í pẹ́ kó tó lọ wà níbẹ̀, iṣẹ́ tó le tí wọn kò kọ́ wọn náà wà níbẹ̀. Apá tó sì dùn mí jù ni pé ọ̀pọ̀ ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí, àmọ́ ẹni tó mọ̀ nìkan ló ń gba ibẹ̀ wọlé.

Àwọn òbí wa kan á ní, "Ọmọ Nàìjíríà ni tèmi, kì í ṣe akátá." Ẹ dákun, ẹ má jẹ́ kí ọmọ gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu yín. Ní ọjọ́ kẹta oṣù kejì ọdún 1964, ó lé ní 400,000 akẹ́kọ̀ọ́ tó jókòó sílé ní ìlú New York yìí láti fi bínú sí bí wọ́n ṣe ya ilé ẹ̀kọ́ aláwọ̀ dúdú sọ́tọ̀. Pásítọ̀ Milton Galamison àti Bayard Rustin ló ṣáájú wọn. Àwọn tí à ń bú ni wọ́n jìyà kí ọmọ tiwa tó rí àyè jókòó. Fọ́ọ̀mù ilé ẹ̀kọ́ kò sì mọ ọmọ Ìjẹ̀bú yàtọ̀ sí ọmọ Alabama. Ohun tó ń bá wọn ló ń bá tiwa.

Láti Nàìjíríà ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ gba ìwé èsì ọmọ tó ní òǹtẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ lórí, pàápàá ti JSS àti SS, nítorí òun ni ilé ẹ̀kọ́ gíga níbí (high school, ìyẹn kíláàsì kẹsàn-án dé ìkejìlá, kì í ṣe yunifásítì) á wò kó tó mọ iye kírẹ́díìtì tí ọmọ máa gbà nínú 44 tó nílò láti jáde. Ẹ mú káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára dání, àti ìwé ọjọ́ ìbí tàbí pásípọ́ọ̀tù. Tí ẹ bá dé, ẹ̀rí ibi tí ẹ ń gbé ló kù. Ẹ má bẹ̀rù ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú. Ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà ti dá a lẹ́jọ́ láti ọdún 1982 pé wọn kò gbọdọ̀ tìtorí rẹ̀ lé ọmọ kúrò nílé ẹ̀kọ́ ìjọba. Ọmọ kékeré tó ti fo kíláàsì nílé, ọdún tí wọ́n bí i ni wọ́n máa fi yan kíláàsì fún un. Ó máa ń dun òbí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyà.

Wọ́n á bi yín ní èdè tí ẹ ń sọ nílé. Ọ̀pọ̀ wa máa ń kọ Gẹ̀ẹ́sì nìkan, torí ìbẹ̀rù pé wọ́n á kó ọmọ sáàárín àwọn tí kò gbọ́ èdè. Ẹ kọ òtítọ́. Wọ́n á bá ọmọ náà sọ̀rọ̀, tó bá sì yẹ, wọ́n á fún un ní ìdánwò. Tó bá yege, ọ̀rọ̀ tán. Tó bá nílò ìrànlọ́wọ́ nínú Gẹ̀ẹ́sì kíkà àti kíkọ, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Yorùbá inú ilé kò ba ti ilé ẹ̀kọ́ jẹ́.

Ìrìn àjò December wá ńkọ́? Mo mọ bó ṣe ń wù wá. Ọdún ẹ̀kọ́ níbí jẹ́ nǹkan bí ọjọ́ 180, ọmọ tó bá sì pàdánù ìdá kan nínú mẹ́wàá rẹ̀, ìyẹn ọjọ́ 18, wọ́n ti kà á mọ́ àwọn tí kì í wá déédéé nìyẹn. Ìdílé tó bá gbéra ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kejìlá, tó padà ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kìíní, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lo gbogbo rẹ̀ tán nínú ìrìn àjò kan ṣoṣo, kí ọ̀fìnkìn tó dé. Ó lè jẹ́ àkókò yẹn gan-an ni wọ́n ń kọ́ wọn ní ìdá nọ́ńbà (fractions), ẹni tí kò sí níbẹ̀ á padà wá bá ìṣirò tí kò yé e mọ́. Ìsinmi gígùn ti July àti August ni mo fi ń bẹ̀ yín, òjò ì báà máa rọ̀ nílé.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ dúró sí dáadáa ni ìṣirò kíláàsì kẹjọ. Àwọn ọmọ kan ń ṣe Algebra 1 níbẹ̀, wọ́n á sì jókòó fún Regents rẹ̀, ìyẹn ìdánwò ìpínlẹ̀ New York fún iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ gíga. Àwọn yòókù á dúró di kíláàsì kẹsàn-án. Ó jọ nǹkan kékeré. Ẹ kà á síwájú: ẹni tó ṣe Algebra ní ìkẹjọ á ṣe Geometry ní ìkẹsàn-án, Algebra 2 ní ìkẹwàá, Precalculus ní ìkọkànlá, Calculus ní ìkejìlá. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún kan lẹ́yìn kò ní kan Calculus kó tó jáde, àfi tó bá fi ọdún kan ṣe iṣẹ́ méjì. Ọmọ tó fẹ́ ṣe ẹnjiníà sì máa bá àwọn tó ti ṣe é pàdé ní yunifásítì. Kíláàsì kẹfà àti ìkeje ni wọ́n ti ń yan àwọn tí yóò ṣe é, ibòmíràn kò tilẹ̀ ní in rárá. Nítorí náà, kí ẹ tó yan ilé ẹ̀kọ́ fún kíláàsì kẹfà, ẹ béèrè pé: ṣé ẹ ní Algebra ní ìkẹjọ? Ta ni ẹ ń mú, kí lẹ sì fi ń yan wọn?

Àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga mẹ́jọ kan wà tó jẹ́ ìdánwò kan ṣoṣo, SHSAT, ni wọ́n fi ń mú ọmọ. Stuyvesant àti Bronx Science wà lára wọn. Lọ́dún 2019, ọmọ 895 ni Stuyvesant fún láàyè. Méje péré ni aláwọ̀ dúdú, bẹ́ẹ̀ nínú ọmọ mẹ́rin tó wà nílé ẹ̀kọ́ ìjọba ìlú náà nígbà yẹn, bí ẹnì kan jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Ọ̀fẹ́ ni ìdánwò yìí. Ìbẹ̀rẹ̀ kíláàsì kẹjọ ni wọ́n ń ṣe é, ẹ sì gbọ́dọ̀ ti forúkọ sílẹ̀ lórí MySchools, ìkànnì ayélujára ilé ẹ̀kọ́ ìlú náà, tàbí lọ́wọ́ olùgbaninímọ̀ràn ilé ẹ̀kọ́ (counselor). Àwọn ìdílé mìíràn tí kò lówó jù wá lọ ti ń fi ọmọ sí ẹ̀kọ́ àfikún rẹ̀ ṣáájú ìgbà yẹn, òbí wa sì lè má gbọ́ orúkọ ìdánwò náà títí ọjọ́ á fi kọjá.

Ọ̀rọ̀ ìyà náà wà níbẹ̀. Lọ́dún ẹ̀kọ́ 2013 sí 2014, ìdá 15.5 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ ìjọba Amẹ́ríkà ni aláwọ̀ dúdú, ṣùgbọ́n nínú àwọn tí wọ́n ní kó lọ jókòó sílé, wọ́n tó ìdá 39. Tí wọ́n bá pè yín, ẹ má sọ pé "ẹ bá mi nà án." Ẹ ní kí wọ́n kọ ẹ̀sùn náà sílẹ̀, kí ẹ sì gbọ́ ti ọmọ. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni kí wọ́n gbọ́ tẹnu rẹ̀. Bákan náà, tí ọ̀rọ̀ sísọ tàbí ìwé kíkà bá le fún ọmọ, ẹ kọ lẹ́tà pé kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Láti ọjọ́ tí ẹ bá fọwọ́ sí ìwé pé ẹ gbà kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, ọgọ́ta ọjọ́ ni wọ́n ní láti ṣe é. Kò sí ìtìjú kankan níbẹ̀.

Nílé, ẹni tó bá ń bi tíṣà ní ìbéèrè, a máa ń wò ó bí aláìmoore. Níbí, òbí tí kò béèrè, wọ́n á rò pé kò sóhun tó fẹ́. Tí Gẹ̀ẹ́sì bá ń dí yín lọ́wọ́, ẹ ní kí wọ́n fi ògbufọ̀ Yorùbá sórí fóònù.

Ìyá tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan padà lọ. Ó gbé ìwé èsì náà sórí tábìlì, ó fi ìka lé "2" yẹn, ó ní, "Ẹ fi ibi tó ti dúró hàn mí." Tíṣà gbé fáìlì kan jáde, ó ṣí i. Orí ìdá nọ́ńbà ni ọmọ náà ti dúró. Ẹ̀kọ́ àfikún ọ̀fẹ́ ti ń lọ lọ́wọ́ nínú ilé ẹ̀kọ́ kan náà ní àárọ̀ Sátidé láti oṣù kẹwàá, àga sì ṣófo nínú yàrá náà. Sátidé tó tẹ̀ lé e ni ọmọ náà bẹ̀rẹ̀.