Bí a ṣe ń dán dísíìkì wò kí a tó gbé dátàbéèsì lé e

Dísíìkì máa ń purọ́. Ẹ ní kó kọ nǹkan sílẹ̀, á ní òun ti kọ ọ́, bẹ́ẹ̀ inú mẹ́mórì kékeré ara rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní write cache, ló ṣì wà. Kí iná lọ báyìí, ó ti dàwátì.

Ẹ fi Linux àti PostgreSQL sórí sáfà bí ẹ ṣe máa ń ṣe é. Ẹ má fọwọ́ kan fsync, ìyẹn ètò tó ń ní kí dísíìkì kọ nǹkan sílẹ̀ gan-an kí PostgreSQL tó gbà pé ó ti parí. Kó wà ní on.

Ẹ wá fi pg_test_fsync dán dísíìkì wò; á sọ iye fsync tí dísíìkì ń ṣe ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìṣe. Ẹ lo -f láti darí rẹ̀ sórí dísíìkì tí pg_wal, fóldà tí PostgreSQL kọ́kọ́ ń kọ àyípadà sí, máa wà gan-an. Mo ti rí ẹni tó ń fi iye ńlá yangàn, àṣé inú /tmp ló ti dán an wò, mẹ́mórì lásán sì ni /tmp tirẹ̀. Bí iye náà bá pọ̀, ẹ má tíì yọ̀. Dísíìkì tó ń yí ní ìgbà 7200 ní ìṣẹ́jú kan, ìgbà 120 péré ló ń yí ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Tó bá wá ní òun ṣe fsync 5000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, tí kò sì sí káàdì RAID oníbátìrì níbẹ̀ (káàdì tó ń darí dísíìkì, tí bátìrì rẹ̀ ń pa ohun tó wà nínú cache rẹ̀ mọ́ tí iná bá lọ), irọ́ ló ń pa.

Ẹ pa cache náà: hdparm -W0 /dev/sda. Ẹ tún un dán wò, iye náà á já wálẹ̀. Lórí Debian tàbí Ubuntu, ẹ kọ ọ́ sínú /etc/hdparm.conf pẹ̀lú, torí ó lè padà sípò tí sáfà bá kú tó tún tàn. Orúkọ inú /dev/disk/by-id ni kí ẹ lò níbẹ̀. Sda lè di sdb lọ́la.

Ti SSD, dísíìkì tí kì í yí, yàtọ̀. Èyí tó ní kápásítọ̀ tó ń gbà á sílẹ̀ nígbà tí iná bá lọ ni mo máa ń rà, n kì í ra òmíràn.

Ṣé owó káàdì oníbátìrì ò sí? Ẹ pa cache, kí ẹ fi synchronous_commit sí off fún iṣẹ́ tí kò ṣe pàtàkì, kí PostgreSQL má dúró de dísíìkì kó tó jẹ́rìí sí iṣẹ́. Ohun tó wọlé kẹ́yìn lè sọnù, àmọ́ dátàbéèsì kò ní bàjẹ́. UPS nìkan ò tó o: ẹsẹ̀ èèyàn lè kọ wáyà.

Ó ku fífa wáyà. Kì í ṣe reboot, kì í ṣe bọ́tìnnì: ẹ fà á yọ lára ògiri, lásìkò tí kọ̀ǹpútà mìíràn ń fi nọ́ńbà ránṣẹ́ sínú dátàbéèsì, tó sì ń kọ èyí tí dátàbéèsì bá jẹ́rìí sí sílẹ̀ lọ́dọ̀ ara rẹ̀. Kí synchronous_commit wà ní on fún ìdánwò yìí. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni mo máa ń fà á. Bí nọ́ńbà kan ṣoṣo tí dátàbéèsì jẹ́rìí sí bá dàwátì lẹ́yìn tí sáfà tàn, ẹ dá dísíìkì náà padà fún ẹni tó tà á.