Bí Mo Ṣe Tún Àtẹ Gantt Ẹgbẹ́ Wa Ṣe

Oṣù mẹ́ta gbáko ni ọjọ́ ìparí iṣẹ́ àkànṣe wa fi ń sún síwájú, bẹ́ẹ̀ a ní àtẹ Gantt tó rẹwà lójú, ìyẹn àtẹ tó ń fi ọ̀pá gbọọrọ ṣàfihàn ọjọ́ tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan yóò bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tí yóò parí. Nígbà tí mo fara balẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, mo rí i pé ńṣe ni a kàn to àwọn ọ̀pá inú rẹ̀ sábẹ́ ara wọn, láìfi ìlà so iṣẹ́ tó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ parí mọ́ èyí tó ń dúró dè é. Nígbà tí iṣẹ́ àkọ́kọ́ fi ọjọ́ 4 pẹ́, ọjọ́ tí a fẹ́ dán iṣẹ́ náà wò kò yí padà lórí àtẹ, kò sì sẹ́ni tó fura títí omi fi tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu.

Mo bi oníkálukú léèrè pé, “Iṣẹ́ ta ni ò ń dúró dè kí tìrẹ tó bẹ̀rẹ̀?” Ìdáhùn wọn ni mo fi fa àwọn ìlà náà, ibẹ̀ sì ni ọ̀nà tó gùn jù lọ ti hàn, ìyẹn àwọn iṣẹ́ tó jẹ́ pé bí ọ̀kan nínú wọn bá fi ọjọ́ kan pẹ́, odindi iṣẹ́ àkànṣe náà ni yóò fi ọjọ́ kan pẹ́. Márùn-ún péré ni wọ́n nínú iṣẹ́ 23, àwọn ni mo sì dojú kọ.

Mo fi orúkọ ẹnì kan ṣoṣo sí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, nítorí orúkọ méjì ló ń sọ iṣẹ́ di aláìlólúwa. Ní gbogbo ọjọ́ Ajé, a máa ń fi àtẹ náà wé ẹ̀dà ètò àkọ́kọ́ tí mo tọ́jú.