Ẹ má fi Àpáta Zuma dán lẹ́ǹsì wò lásìkò ọyẹ́

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra lẹ́ǹsì tòkunbọ̀ fún kámẹ́rà medium format (àwọn tó ń lo fíìmù tó fẹ̀ ju 35mm lọ), ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn ya Àpáta Zuma látòkèèrè kẹ́ ẹ wá ní lẹ́ǹsì ò ṣáápù, eruku ọyẹ́ àti ooru ojú títì Abuja níbí ti ba fọ́tò yẹn jẹ́ kó tó dénú lẹ́ǹsì rárá. Ẹ lẹ ìwé ìròyìn mọ́ ògiri, kẹ́ ẹ gbé kámẹ́rà sórí tripod kó dojú kọ ọ́ tààrà, ẹ gbé mirror (dígí inú kámẹ́rà) sókè kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́ torí mirror àwọn kámẹ́rà bíi Pentax 67 yẹn tóbi, ó máa ń mi gbogbo ẹ̀. Ẹ yà á ní f/2.8 tí ẹnu lẹ́ǹsì ṣí gan-an, ẹ tún yà á ní f/8 tó ti kéré, ẹ fi loupe (awò tó ń sọ nǹkan di ńlá) wo fíìmù fúnra ẹ̀. Tí apá ọ̀tún bá rí bàìbàì tí tòsì sì mọ́ kedere, ó ṣeé ṣe kí gíláàsì inú ẹ̀ ti yẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ fún wọn.

Bokeh, ìyẹn bí ẹ̀yìn fọ́tò tó rí bàìbàì ṣe máa ń rí, ni mo fẹ́ràn jù. Tílẹ̀ bá ṣú, kẹ́nì kan dúró bíi mítà 2 síwájú yín, kí gílóòbù àwọn onísúyà wà lẹ́yìn ẹ̀, ẹ wá wo ìmọ́lẹ̀ róbótó yẹn dáadáa: tí etí ẹ̀ bá mọ́lẹ̀ ju àárín lọ, ewé dongoyaro lẹ́yìn èèyàn máa rí jágajàga lọ́sàn-án. Lẹ́ǹsì Planar 80mm ti Hasselblad, abẹ́ 5 ló ń ṣí ẹnu ẹ̀ tó sì ń pa á dé, tẹ́ ẹ bá ti dín ẹnu ẹ̀ kù dé f/4 ìmọ́lẹ̀ á di onígun 5, èmi ò fẹ́ ìyẹn nínú fọ́tò ìgbéyàwó rárá. Fọ́tò kékeré tí ẹni tó ń tà á fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp ò lè fi gbogbo èyí hàn yín o.